Wilma Rudolph, Ọmọ Tí Rọpárọsẹ̀ Kò Lè Dá Dúró

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìmúra eré ìdárayá ilé-sí-ilé o. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ ọdún 16 lòun náà nígbà tó kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ ní Òlíḿpíìkì.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún 1940 ni wọ́n bí Wilma Rudolph ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Amẹ́ríkà. Oṣù rẹ̀ ò tíì pé tí wọ́n fi bí i. Òun ni ọmọ ogún nínú ọmọ 22 tí bàbá rẹ̀ bí. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ìyá ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn òyìnbó. Owó níbo? Láyé ìgbà yẹn, òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ níbẹ̀: ilé ìwé ọ̀tọ̀, ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀.

Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un. Kòkòrò àrùn yìí máa ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́. Tí àṣẹ ò bá dé mọ́, ẹran ẹsẹ̀ á máa joro. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ò sì tíì dé ayé nígbà náà. Ẹsẹ̀ òsì Wilma rọ, wọ́n fi irin dè é.

Ilé ìwòsàn tó máa gbà á wà ní Nashville, ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà sílé wọn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń mú un wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, fún ọdún méjì. Wọ́n kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n náà kọ́ ọ, wọ́n ń pín in ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ibí yìí ló wọ̀ mí lára jù. Ká ní ó ti sú wọn lọ́sẹ̀ kejì ńkọ́?

Nígbà tó fi máa pé ọdún 12, ó ti bọ́ irin sọnù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì nílé ìwé. Ed Temple, olùkọ́ eré sísá ní Yunifásítì Tennessee State, rí i, ó sì ń dá a lẹ́kọ̀ọ́. Ní Melbourne, 1956, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba idẹ nínú eré tí ẹni mẹ́rin ń gbé ọ̀pá fún ara wọn.

Ní Róòmù, 1960, ayé dákẹ́! Ó gba góòlù ní mítà 100, ó gbà á ní 200. Nínú eré ọlọ́pàá yẹn, díẹ̀ ló kù kí ọ̀pá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó lé Jámánì bá, ó kọjá. Òun ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba góòlù mẹ́ta nínú eré sísá ní Òlíḿpíìkì kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n eré tó le jù wà nílé. Ìlú rẹ̀, Clarksville, fẹ́ ṣe ayẹyẹ fún un: dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Wilma kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí kò bá jẹ́ gbogbo wọn pa pọ̀, òun ò ní yọjú. Wọ́n gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí dúdú àti funfun jọ ṣe irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ nílùú náà.

Ní 1963, ó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó dé Dakar àti Gánà. Àrùn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ló pa á ní 1994, lọ́mọ ọdún 54.

Kí ló dé tí mo yan ìtàn yìí? Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ ń dùn nílé wa fẹ́ bá wa ṣe ìdánrawò. Èmi ni mo ní kó lọ máa ṣọ́ báàgì wa. Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe é! Mo ti bẹ̀ ẹ́. Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yọjú sí mi, àmọ́ ó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún jíju irin. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá bọ́ sí pápá, ẹ má fojú àánú wò ó. Ẹ pariwo orúkọ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń pariwo tiwa.