Òkúta Ìrànlọ́wọ́

Kà: 1 Sámúẹ́lì 4:1-11, 7:3-12

Olùfẹ́, ìwọ tí ò ń gbé ní Basin, o ti gbọ́ ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ pé òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin ló fún Ìlọrin lórúkọ. Òkúta ló fún Ebenésérì náà lórúkọ. Ní èdè Hébérù, òkúta ìrànlọ́wọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Sámúẹ́lì ló gbé e kalẹ̀ láàrin Mísípà àti Ṣẹ́nì, nígbà tí Ọlọ́run fi ààrá tú àwọn Filísínì ká. Ṣùgbọ́n má gbàgbé: orúkọ kan náà ni Bíbélì fi pe ibùdó Ísírẹ́lì nígbà tí ọ̀tá pa 4,000 nínú wọn, tí wọ́n tún pa 30,000, tí wọ́n sì gbé Àpótí Ẹ̀rí lọ. Orúkọ ìtìjú di orúkọ ọpẹ́, nítorí àwọn ènìyàn náà yípadà sí Olúwa.

Wo ìgbésí ayé ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan. Ní 1860 ni a bí Mojọlá Agbébí sínú ìdílé Áńgílíkà. David Brown Vincent ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ó dàgbà, ó sì di Onítẹ̀bọmi. Ní 1888, míṣọ́nnárì kan ní Èkó lé pásítọ̀ Moses Ladejo Stone kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí ó wá ń jẹ́ Ebenésérì. Agbébí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀. Ní 1894, ó bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀. Aṣọ ìbílẹ̀ ni ó ń wọ̀, títí kan ìgbà tí ó lọ sí ìlú Òyìnbó. Ó gbé ìhìnrere dé agbègbè ẹnu odò Náíjà.

Olùfẹ́, ibí ni kí o ti fara balẹ̀. Agbébí kò pe àìtọ́ ní títọ́, síbẹ̀ kò fi ìjà ṣe ogún fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1914, àwọn tó ti jáde àti àwọn ìjọ míṣọ́nnárì jókòó pọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́? Agbébí, ọmọ Ebenésérì! Ipò yẹn ló wà títí ó fi sùn nínú Olúwa ní 1917.

Òkúta ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe òkúta tí a ń sọ lu arákùnrin ẹni. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí o kì í kí mọ́ látìgbà tí ìjọ ti pín, tàbí látìgbà tí ẹ ti pín ogún bàbá yín? Má dúró dè é. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Níbi tí o ti ṣubú gan-an ni Ọlọ́run fẹ́ kí o ti dúpẹ́.

Àdúrà: Olúwa, sọ ibi ìtìjú mi di Ebenésérì. Fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti bá ará mi rẹ́ lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.