Edgar Codd: Ẹni tó mú kí wíwá àkọsílẹ̀ rọrùn nínú kọ̀ǹpútà

Bí oníbàárà bá ṣí ojú òpó tó ti ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ rẹ̀, ọjà tó rà àti iye tó san jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, làákàyè Edgar Frank Codd ló wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 1923 ni wọ́n bí Codd ní erékùṣù Portland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ méje. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò àti kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Oxford, ó sì wa bàálù ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà. Ìwà Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy bí i nínú débi pé ó kó lọ sí Kánádà lọ́dún 1953, kó tó padà lọ́dún 1957.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àkọsílẹ̀ wà àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀. Bí wọ́n bá yí ètò ibẹ̀ padà, iṣẹ́ lè dojú rú.

Oṣù kẹfà, ọdún 1970 ni Codd gbé àbá tuntun jáde. Ó ní kí wọ́n to àkọsílẹ̀ sínú àwọn àtẹ tó ní ìlà àti òpó. Bí àpẹẹrẹ, iléèwé lè kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú àtẹ kan, kó kọ owó iléèwé sínú òmíràn. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú méjèèjì ni yóò so wọ́n pọ̀. Ohun téèyàn fẹ́ nìkan ni yóò sọ, kọ̀ǹpútà ni yóò wá ọ̀nà rẹ̀.

IBM kò tètè tẹ́wọ́ gba àbá yìí, nítorí owó ń wọlé fún wọn lórí IMS, ètò mìíràn tí wọ́n ti ń tà. Òṣìṣẹ́ wọn méjì, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, ṣe èdè SQL látinú rẹ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó wá di Oracle ló kọ́kọ́ gbé e dé ọjà lọ́dún 1979. Ọdún 1981 ni IBM tó gbé tirẹ̀ jáde.

Ọdún yẹn kan náà ni Codd gba àmì-ẹ̀yẹ Turing, èyí tó ga jù lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àìsàn ọkàn ló pa á nílé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, lọ́jọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 2003. Ẹni ọdún 79 ni. Títí dòní, àwọn báńkì àti ọsibítù káàkiri àgbáyé ṣì ń lo ọgbọ́n tó fi sílẹ̀.