Leonard Cheshire: Ọmọ ogun òfurufú tó ju àdó olóró, tó padà wá di olùtọ́jú àwọn aláìlera

Tí ẹ bá béèrè Cheshire ní àdúgbò Ìjokòdó nílùú Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn akanda ẹ̀dá, tí wọ́n sì ti ń kọ́ wọn níwèé, ni wọ́n máa júwe fún yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ tó ń pe orúkọ náà má mọ̀ pé orúkọ ọmọ ogun ni.

Ta ni Leonard Cheshire?

Ọjọ́ Keje, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1917 ni wọ́n bí i nílùú Chester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ òfin ní fásitì Oxford. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù.

Lọ́dún 1940 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ju àdó olóró sí Jámánì. Lóṣù Kọkànlá ọdún náà, ìbọn àwọn ará Jámánì ba bàálù rẹ̀ nítòsí ìlú Cologne. Ẹ̀gbẹ́ bàálù ya, iná sọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ Cheshire wà á padà délé.

Nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 25, ó di ọ̀gá ńlá tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n rẹ ipò òun sílẹ̀ kí òun lè padà sójú ogun, wọ́n sì fi í ṣe olórí Ikọ̀ 617 lọ́dún 1943.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Limoges?

Lóṣù Kejì ọdún 1944, wọ́n rán ikọ̀ rẹ̀ lọ ba ilé iṣẹ́ kan jẹ́ nílùú Limoges, nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù fún Jámánì. Àwọn ará Faransé, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóru.

Cheshire fò wálẹ̀ gan-an, ó gba orí òrùlé kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè sá jáde. Ẹ̀yìn náà ló tó ju iná tó máa fi ibi tí àdó máa bọ́ sí han àwọn tó kù.

Nígbà tó ti jáde ogun nígbà 100, wọ́n fún un ní Victoria Cross lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1944. Kò sí àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù ú lọ lọ́dọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé Nagasaki ló yí i padà?

Lọ́jọ́ Kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, ọdún 1945, Cheshire wà nínú bàálù tó ń wòye láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí Amẹ́ríkà ju àdó átọ́míìkì sí ìlú Nagasaki ní Japan.

Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀rí ọkàn tó ń dà á láàmú ló sún un sí iṣẹ́ àánú. Òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Títí tó fi kú, èrò rẹ̀ ni pé àdó náà ló jẹ́ kí ogun tètè parí. Ohun tó ń rò ni ohun tó yẹ kí àwọn tí ogun kò pa fi àlàáfíà ṣe.

Ó kọ́kọ́ kó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì jọ láti máa gbé pọ̀, àmọ́ gbèsè dá ètò náà rú. Ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Le Court, ní Hampshire, ló kù sí i lọ́wọ́.

Lọ́dún 1948, ilé ìwòsàn kan ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin kan tó ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ rí ní àrùn jẹjẹrẹ, kò ní pẹ́ kú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á. Cheshire gbé e wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún un, tó ń wẹ̀ fún un, tó sì ń da ìgbẹ́ rẹ̀ nù. Kí ọkùnrin náà tó kú, aláìsàn mìíràn ti dé.

Báyìí ni àwọn ilé Cheshire ṣe bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ ife dá òun náà dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ohun tó lé lọ́dún méjì láti 1952, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ó dé Íńdíà, ó dé Sierra Leone àti Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa kú, ilé náà ti lé ní 200 ní nǹkan bí 50 orílẹ̀-èdè.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, àrùn tó máa ń sọ iṣan ara di aláìlágbára mú un, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó fi ọdún 44 tọ́jú ẹlòmíràn wá di ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ó kú lọ́jọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 1992, lẹ́ni ọdún 74.