Samuel Àjàyí Crowther: Ìpàkọ́ Onípàkọ́ ni À Ń Rí

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó lókìkí ní ayé àtijọ́, díẹ̀ ni àwọn tí orúkọ wọn tàn kálẹ̀ tó ti Samuel Àjàyí Crowther. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, Bíbélì Yorùbá tí àwọn Kristẹni ń kà, òun ni aṣáájú nínú àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ìtumọ̀ nìkan ni ó fi yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn náà kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́ kan nípa ẹ̀tanú, èyí nì ni pé ẹni tí ó ní in kì í sábà mọ̀ pé òun ní in.

Ìlú Òṣóògùn, ní apá Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú náà, wọ́n sì mú ọmọdé náà lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú bí tirẹ̀ ni àwọn tí ó kó o, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń sọ èdè Yorùbá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbẹ̀ ni àwọn òyìnbó Àgùdà sì ti rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Báyìí ni Àjàyí ṣe rí i láti kékeré pé ìkà kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oore náà kò ní.

Ní Sàró, ó kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ó bá àwọn òyìnbó rìnrìn-àjò lọ sí odò Ọya ní 1841, nígbà tí ó sì di 1843, a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1845, òun àti Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù Ẹgbẹ́ C.M.S., gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti kú, ọ̀nà kò sì ṣeé gbà. Nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi dúró. Ní 1846 ni wọ́n tó la igbó já lọ sí Abẹ́òkúta, ní ẹ̀bá ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí ó ń jẹ́ Yewa lónìí. Ọ̀nà kan náà ni dúdú àti funfun jọ rìn, ewu kan náà ni wọ́n sì jọ fojú winá. Kò pẹ́ tí wọ́n dé Abẹ́òkúta tí Àjàyí fi rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Townsend kórìíra àwọn ènìyàn dúdú. Ó kọ́ èdè wọn, ó gbé láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ó sì dá ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá sílẹ̀ ní 1859. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ àtifi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ jáde ní 1851, Townsend kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti takò ó. Kì í ṣe pé ó ka Crowther sí aláìmọ̀wé tàbí oníwàkíwà. Ohun tí ó wí ni pé àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù dúdú bí wọn yóò ti bọ̀wọ̀ fún òyìnbó. Ó di ẹrù ẹ̀tanú náà lé àwọn ẹlòmíràn lórí, ọkàn tirẹ̀ sì balẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ni ó rí bẹ́ẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé ọmọ Áfíríkà ni ó yẹ kí ó ṣe olórí ìjọ Áfíríkà. Òun ni ó rọ Crowther títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn òyìnbó tí ó wà ní Abẹ́òkúta kò fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Odò Ọya ni ó lọ ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Venn kú ní 1873, ayé sì yí padà. Nígbà tí ó fi máa di 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan ti dé sí odò Ọya. Onítara ni wọ́n. Àwọn kan lára wọn ń wọ aṣọ Hausa, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n gbé ara wọn ga. Bí ènìyàn bá bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ní ẹ̀tanú sí aláwọ̀ dúdú, bóyá ẹ̀rín ni wọn ìbá fi dáhùn. Àwọn yìí kan náà ni ó jókòó ní Onítṣà ní oṣù kẹjọ ọdún náà láti wádìí iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n àṣìṣe àwọn díẹ̀ ni wọ́n fi dá gbogbo ẹ̀yà lẹ́bi. Lójú bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, Dandeson ọmọ rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ìbànújẹ́ mú kí bàbá arúgbó náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó di 1952 kí ọmọ Nàìjíríà tó tún di bíṣọ́ọ̀bù tí ó dá dúró lórí àgbègbè tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó náà, H. H. Dobinson, pẹ́ ní ilẹ̀ náà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó ti ń bá àwọn ènìyàn dúdú gbé, tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń là, nígbà tí ó yá, ó kábàámọ̀ ìdájọ́ tí wọ́n ṣe. Ìjọ Áńgílíkà pẹ́ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, tọrọ ìdáríjì ní gbangba.

Àwọn àgbà a máa wí pé ìpàkọ́ onípàkọ́ ni à ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kí a sì bínú sí àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n Ayétòrò fúnra rẹ̀, àwọn tí ó ti oríṣìíríṣìí ìlú wá ni wọ́n parapọ̀ tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ọjọ́ ọjà ní ìlú ẹnu ibodè, a ń rí Ègùn, a ń rí Ọ̀họ̀rí, a ń rí Fúlàní àti àwọn ará Kétu tí ààlà ọdún 1889 yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbátan wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sín èdè wọn jẹ, tàbí tí ó gbà pé olè ni gbogbo wọn nítorí ẹnì kan tí ó jalè, kò ní pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́tanú. Townsend náà kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.