Leo Kanner àti Ìdàgbàsókè Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísìmù

Ìfáàrà
Ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ orí tí ọmọ ń jókòó, tí ó ń rìn, tí ó ń fọhùn, tí ó sì ń mọ póò lò kò rí bákan náà fún gbogbo ọmọ. Síbẹ̀, bí ti ọmọ kan bá pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Leo Kanner ni oníṣègùn tí ó fara balẹ̀ wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun náà dá kún ẹ̀bi tí a di ru àwọn òbí wọn, òun náà ni ó sì padà sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, ọdún 1894 ni a bí Kanner sínú ìdílé Júù kan ní Klekotów, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Austria-Hungary nígbà náà, tí ó sì wà ní Ukraine lónìí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin, ó sì gboyè ní ọdún 1921. Ní ọdún 1924, ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní South Dakota. Ó dé Johns Hopkins ní Baltimore ní ọdún 1928, ó sì dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1930. Ní ọdún 1941, ó kọ ìwé kan láti fi gbèjà àwọn ìyá. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí òfin líle àwọn ọ̀mọ̀ràn dẹ́rù bà wọ́n, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé làákàyè tiwọn.

Ohun tí Ó Rí
Ní ọdún 1938, àwọn òbí kan gbé ọmọ wọn, Donald, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, wá bá a láti Mississippi. Lẹ́tà olójú-ewé 33 tí bàbá ọmọ náà kọ ti ṣáájú wọn dé. Ọmọ oṣù 13 ni Donald nígbà tí ó rìn. Kò pẹ́ rárá. Bí ó ṣe pé ọmọ ọdún kan, ó ti ń kọ orin geere. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ìbánisọ̀rọ̀. A máa pe ara rẹ̀ ní ìwọ dípò èmi. Bí a bá ní kí ó gbé nǹkan sílẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an ni yóò gbé e sí, kì í ṣe orí tábìlì.

Ní ọdún 1943, Kanner tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Grunya Sukhareva ti kọ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Moscow ní ọdún 1925, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Kanner ni ó tàn kálẹ̀. Ohun méjì ni ó tẹnu mọ́: ìdáwà, àti ìfẹ́ pé kí ohun gbogbo wà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àkíyèsí yìí ṣì wúlò nínú kíkọ́ ọmọ ní póò. Ọmọ tí ó kórìíra ìyípadà lè rọ̀ mọ́ ìlédìí rẹ̀. Òmíràn kì í tètè fura pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, òmíràn kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Èyí kì í ṣe agídí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ ìyá. Àkókò kan náà lójoojúmọ́, ibì kan náà, àwòrán tí ó ń fi ìgbésẹ̀ hàn àti oríyìn ni ó ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún.

Àṣìṣe àti Àtúnṣe
Kanner kọ ọ́ ní ọdún 1943 pé a bí ìṣòro náà mọ́ àwọn ọmọ yìí ni. Ṣùgbọ́n ó tún kọ ọ́ pé ara òbí wọn tutù sí wọn, ó sì tẹnu mọ́ èyí gidigidi ní ọdún 1949. Àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn fún ọdún pípẹ́. Ní ọdún 1969, Kanner dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn òbí, ó sì dá wọn láre ní gbangba. Mojẹ̀bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ìkádìí
Ní ọdún 1971, ó tún wádìí ibi tí àwọn ọmọ 11 náà bá ayé dé. Àwọn tí a kó sí ilé ìtọ́jú ńlá ti ìjọba kò gòkè àgbà. Ti Donald yàtọ̀. Tọkọtaya àgbẹ̀ kan ti gbà á sọ́dọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń ka poro àgbàdo ní àkàtúnkà, wọ́n ní kí ó máa kà á bí ó ti ń túlẹ̀. Nígbà tí ó ń wọn ohun gbogbo, wọ́n ní kí ó gbẹ́ kànga, kí ó sì wọn jíjìn rẹ̀. Ó padà di akọ̀wé ní báńkì.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 1981 ni Kanner kú, ní ẹni ọdún 86. Ẹ̀kọ́ tí ó gbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ibi tí ọmọ dé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, kí a má sì fi òbí rẹ̀ ṣe ẹlẹ́bi.