Armand Peugeot, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, ẹ mọ ọ̀nà Ìgòlò dáadáa. Ọ̀nà náà ni a ń gbà láti Àjàṣẹ́ lọ sí Ìdíìrókò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn àgbà inú yín rántí ọkọ̀ 404 àti 504. A ń kó àgbàdo, gàrí àti ènìyàn sínú wọn títí ìdí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kìnnìún kan wà níwájú ọkọ̀ náà. Orúkọ kan sì wà lára rẹ̀: Peugeot. Àwa ń pè é ní Péjò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ ọkọ̀ lásán ni. Orúkọ ènìyàn ni. Ìtàn ẹni náà ni ẹ fẹ́ kà yìí.

Armand Peugeot ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1849 ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, nítòsí ààlà ilẹ̀ Switzerland. Oníṣẹ́ irin ni ìdílé wọn. Ní ọdún 1810, bàbá àgbà rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ sọ ilé ìlọkà wọn di ilé iṣẹ́ irin. Wọ́n ń ṣe ayùn. Wọ́n ń ṣe sípíríǹgì aago, irin agbòjò, àti ọlọ kékeré tí a fi ń lọ kọfí. Ara ayùn ni kìnnìún yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé rárá. Wọ́n fi ń sọ fún oníbàárà pé eyín ayùn àwọn le bí eyín kìnnìún.

Armand kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Paris. Nígbà èwe rẹ̀, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí bí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀. Ohun tí ó rí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Òun àti Eugène ni wọ́n jọ ń darí ilé iṣẹ́ ìdílé. Bàbá àgbà kan náà ni ó bí bàbá àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1882, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tà, owó sì wọlé. Eugène ní ìtẹ́lọ́rùn. Armand kò ní in. Ó ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹsẹ̀ wà.

Ní ọdún 1889, ó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan jáde ní ọjà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris. Ooru omi híhó ni ó ń ti ọkọ̀ náà lọ, bíi ti rélùwéè àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde ní láti dáná, kí ó sì dúró títí omi yóò fi hó. Ta ni yóò fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ọjà? Armand rí i pé ọ̀nà yẹn kò lọ síbi kan.

Ní àkókò yẹn, ará Jámánì kan wà tí ń jẹ́ Gottlieb Daimler. Ó ti ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń jẹ epo ẹ̀sáǹsì. Ilé iṣẹ́ Panhard et Levassor ní Paris ni ó ní àṣẹ láti ṣe ẹ́ńjìnnì náà ní ilẹ̀ Faransé. Armand lọ ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ́ńjìnnì yìí ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo yín mọ ìbọn ọdẹ. Ọdẹ a da ẹ̀tù sínú rẹ̀, a kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí iná bá kan ẹ̀tù, agbára a tú jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Ihò róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní sílíńdà. Irin kan ń lọ sókè sódò nínú ihò náà, òun ni písítọ̀nù. Bí písítọ̀nù bá sọ̀ kalẹ̀, ó fa ẹ̀sáǹsì àti atẹ́gùn wọlé. Bí ó bá gòkè, ó fún wọn pọ̀. Nígbà náà ni iná kàn wọ́n, agbára iná sì tì í wálẹ̀. Ó tún gòkè, ó lé èéfín jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Ìbọn a yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ́ńjìnnì ń yìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ́ńjìnnì tí Armand rà ní sílíńdà méjì. Wọ́n yà síra bí ẹ̀ka igi tí a fi ń ṣe rọ́bà ìtafà ọmọdé. Àyè inú méjèèjì jẹ́ 565 nínú ìdá 1000 lítà kan. Ìgò bíà ńlá kan gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 2. Alùpùpù zémidjan tí ẹ ń gùn lónìí lágbára jù ú lọ dáadáa. Kò ní púlọ́ọ̀gì. Ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n ń fi iná fìtílà yọ́ láti ìta títí yóò fi pọ́n. Ọ̀pá pípọ́n náà ni ó ń ran ẹ̀sáǹsì.

Ta ni yóò fọkàn tán irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí ó wà níwájú Armand nìyẹn. Àwọn ènìyàn kò bi í léèrè bí ọkọ̀ náà ti ń sáré tó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lọ, tí yóò sì bọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1891, ìwé ìròyìn kan ní Paris ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ láti Paris lọ sí Brest, ní etí òkun, kí wọ́n sì padà. Armand ní kí ọkọ̀ òun tẹ̀ lé àwọn oníkẹ̀kẹ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì ni ó rán: Louis Rigoulot àti Auguste Doriot. Ilé iṣẹ́ ní Valentigney ni wọ́n ti gbéra. Wọ́n lọ sí Paris, wọ́n lọ sí Brest, wọ́n padà sí Paris, wọ́n sì padà sílé. Ìrìn náà jẹ́ kìlómítà 2.045. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí ó ti Kútọnu lọ sí Malanville, tí ó padà, tí ó sì tún lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀nà yẹn kò ní ọ̀dà. Kò sí ilé epo. Kò sí mẹkáníìkì lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tí ì rí ọkọ̀ rí. Ní apá Morlaix, jíà ọkọ̀ bàjẹ́. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n pàdánù níbẹ̀. Doriot yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ bàtà kan, ó fi tún jíà ṣe, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Orúkọ Armand ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọwọ́ Doriot tí ó kún fún òróró ni ó gba orúkọ náà là ní ọjọ́ yẹn.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti dé ṣáájú wọn. Ẹni tí ó gba ipò kìíní lo nǹkan bíi wákàtí 71 láti Paris dé Brest àti àbọ̀. Ọkọ̀ ń rìn ní bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan. Wákàtí 139 ni ó fi rìn gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Kò yá. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó bọ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì kú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra ọkọ̀. Irú ọkọ̀ yẹn tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1894 jẹ́ 64.

Nígbà náà ni ìjà ilé dé. Eugène ń bẹ̀rù. Ó wò ó pé ọkọ̀ yóò jẹ owó tí ayùn àti kẹ̀kẹ́ ń pa. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Àwọn tí ń jẹun ní ilé iṣẹ́ náà pọ̀. Ní ọdún 1896, Armand ya kúrò, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pín in pé Armand kò ní ṣe kẹ̀kẹ́, Eugène kò sì ní ṣe ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá kùnà, Armand kò ní ohun mìíràn tí yóò fi ọwọ́ tì.

Ohun kan tún ń dùn ún. Panhard tí ó ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé àgbẹ̀ lè máa ra irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń du ọjà kan náà? Nítorí náà, Armand ní kí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì ní ilé ara rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1897 ni ẹ́ńjìnnì Peugeot ti wà nínú ọkọ̀ Peugeot.

Iṣẹ́ náà yọrí. Ó yọrí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ní ọdún 1906, pẹ̀lú àṣẹ Armand. Eugène kú ní ọdún 1907. Ní ọdún 1910, ilé iṣẹ́ méjèèjì tún di ọ̀kan. Armand fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì kú ní ọdún 1915.

Kò rí 404, tí ó jáde ní ọdún 1960. Sílíńdà mẹ́rin ni tirẹ̀, àyè inú wọn sì lé díẹ̀ ní lítà kan àbọ̀: 1.618 nínú ìdá 1000 ni. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ́ńjìnnì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí ó rọ̀gbọ̀kú. 404 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ẹrẹ̀ àti òkúta ni ọ̀nà ìdíje náà. Ní ọdún 1963 àti 1968, ọkọ̀ méje péré ni ó parí ìrìn náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 504 dé, ní ọdún 1968. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Èé ṣe tí àwọn awakọ̀ wa fi fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé sílíńdà wọn ṣeé yọ. Ìlẹ̀kẹ̀ irin róbótó kan ni, omi tútù sì yí i ká. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ tí ń sọ Faransé ń pè é ní chemise, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀wù. Bí eruku àti epo burúkú bá ti jẹ inú rẹ̀, mẹkáníìkì kì í sọ ẹ́ńjìnnì nù. A bọ́ ẹ̀wù àtijọ́, a wọ tuntun sí i pẹ̀lú písítọ̀nù tuntun, ọkọ̀ náà a sì tún gba ọ̀nà Pọ́bẹ̀ẹ́ lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.