OWÓ TÍ PELEWURA KỌ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn ogun, ìbọn àti ọkọ̀ òfurufú ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jagun gbọ́dọ̀ jẹun, ẹni tí ó kù sílé náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Brítéènì fi òfin pe àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wọn tí kò tíì lọ́kọ sí iṣẹ́ ogun. Kò sí ẹni tí ó fi òfin pe àwọn obìnrin Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń bọ́ ìlú. Alimotu Pelewura sì ni olórí wọn.

Ẹja ni ìyá yìí ń tà ní ọjà Ereko. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà, ó sì mọ àwọn tí ń ná an. Ní àwọn ọdún 1920 ó di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọjà ní Èkó, ó sì bá Herbert Macaulay ṣe òṣèlú. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà Ereko kúrò ní àyè rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1930, ó kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn mìíràn. Àwọn obìnrin ọjà kò dákẹ́ títí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀.

Ní ọdún 1940, ìjọba ní kí obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Ní oṣù Kejìlá, àwọn obìnrin pa ìsọ̀ tì, wọ́n wọ́ tọ àwọn aláṣẹ lọ. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé iye náà lọ sí £200.

Ìdánwò tí ó le jù ń bọ̀. Ogun mú kí oúnjẹ wọ́n, ara sì ń ni òṣìṣẹ́. Ìjọba fi òyìnbó kan, Captain Pullen, ṣe alábòójútó iye owó oúnjẹ. Èrò náà kò burú lójú. Ṣùgbọ́n láti òkè ni gàárì ti ń wọ Èkó: alájàpá san owó fún ẹni tí ó rò ó, ó san owó ọkọ̀, ó san owó alárù. Nígbà tí iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ kò tó iye tí wọ́n fi rà á, gàárì sá kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì ń tà á ní ìkọ̀kọ̀ ní owó gọbọi.

Pullen mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi £100 lóṣù lọ Pelewura pé kó bá òun mú ètò náà dúró. Rò ó wò: oṣù méjì péré ti tó £200, iye tí obìnrin gbọ́dọ̀ rí kọjá lọ́dún kí owó orí tó kàn án! Ìyá náà kọ owó náà. Kò fẹ́ ta àwọn tí ó fi í jẹ olórí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, ètò náà dópin. Nígbà tí Pelewura kú ní ọdún 1951, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sin ín dé ibojì.

Láti ọdún 2023 ni àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá ti ń já ẹrù ní èbúté Lekki. Síbẹ̀, ìyá tí ń wọn gàárì l'Ájàh ṣì mọ ohun tí ìwé kò mọ̀: iye tí ó fi rà á àti iye tí ó fi gbé e dé. Ìwọ tí wọ́n fi ṣe olórí, ní ọjà, ní àdúgbò tàbí níbi iṣẹ́, ǹjẹ́ o ti bi wọ́n léèrè?

ÌGBÉSẸ̀ TÒNÍ: Bí ẹnikẹ́ni bá fi owó lọ̀ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ta ni yóò san án padà. Ẹni tí ó gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ mọ́.